Àbàtà Ẹ̀yìn Ilé: Bí Ìgbìmọ̀ Ìlú Ṣe Ń Dáàbò Bo Ilẹ̀ Olómi ní Massachusetts

Àwọn àgbà a máa sọ pé àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan. Ẹni tí ń sá fún ẹbí rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi òwe yìí bá wí, ṣùgbọ́n òótọ́ nípa omi àti ilẹ̀ ni òwe náà dúró lé. Ẹbí ni àbàtà àti odò. Ohun tí ó bá ṣe ọ̀kan yóò kan èkejì. Lórí òótọ́ kan náà ni òfin ilẹ̀ olómi ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà dúró lé, ó sì yẹ kí àwọn Yorùbá tí ń ra ilé níbẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Ní ọdún 1957 ni ìpínlẹ̀ náà fún àwọn ìlú láṣẹ láti dá ìgbìmọ̀ tí a ń pè ní Conservation Commission sílẹ̀. Ènìyàn mẹ́ta sí méje ni ó ń wà nínú rẹ̀, ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sì ń yàn wọ́n. Ará ìlú lásán ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn kì í sì í gba owó. Iṣẹ́ wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ni láti wá ilẹ̀ tí ìlú yóò tọ́jú. Òfin ọdún 1972 ni ó gbé iṣẹ́ tí ó wúwo jù lé wọn lọ́wọ́: kí wọ́n máa ṣọ́ àbàtà tí ó wà lórí ilẹ̀ onílẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀, da yẹ̀pẹ̀ tàbí kọ́ ilé láàárín ẹsẹ̀ bàtà 100 sí etí àbàtà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ ìgbìmọ̀ lọ. Fún ọ̀pọ̀ odò tí ń ṣàn yípo ọdún, ẹsẹ̀ bàtà 200 ni. Yóò mú àwòrán ilẹ̀ wá, yóò sì kọ̀wé sí àwọn aládùúgbò. (Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìpolówó ọjà, ẹ má sọ ọ́ nù.) Láàárín ọjọ́ 21, ìgbìmọ̀ yóò ṣí ìjókòó ní gbangba. Wọ́n a sì máa lọ fi ojú ara wọn wo ilẹ̀ náà. Onílẹ̀ lè búra pé ilẹ̀ gbígbẹ ni, nítorí oṣù kẹjọ ni ó dé ibẹ̀; ṣùgbọ́n irú koríko tí ó hù síbẹ̀ àti àwọ̀ ilẹ̀ yóò jẹ́rìí sí ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí yìnyín bá yọ́.

Ìgbìmọ̀ kì í sábà sọ pé rárá. Ìwé àṣẹ tí ó kún fún májẹ̀mú ni wọ́n sábà máa ń fúnni: ibi tí a óò gbé ìdènà sí kí ẹrẹ̀ má baà ṣàn wọ omi, ibi tí ọkọ́ kò gbọdọ̀ dé, igi tí a óò gbìn padà. A gbọ́dọ̀ fi ìwé yìí sílẹ̀ níbi ìforúkọsílẹ̀ ìwé ilẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ra ilé tí a kò tíì fún ní ìwé ẹ̀rí pé iṣẹ́ rẹ̀ bá májẹ̀mú mu lè ra gbèsè mọ́ ilé.

Kí ni gbogbo wàhálà yìí fún? Ẹ wo odò Charles, tí ó ṣàn lọ sí Boston. Ní ọdún 1972, Army Corps of Engineers dámọ̀ràn pé kí ìjọba ra àwọn àbàtà apá òkè odò náà dípò kí wọ́n kọ́ ìdídò ńlá, nítorí àbàtà ń gba ìkún omi dúró, ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àbàtà tí wọ́n dáàbò bò níbẹ̀ lé ní éékà 8,000.

Àmọ́ agbára ìgbìmọ̀ ní òpin. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn sí ìdájọ́ wọn, tàbí ará ìlú mẹ́wàá lápapọ̀, lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí ìpínlẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá, ìpínlẹ̀ sì lè yí i padà. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ìlú fi ṣe òfin tiwọn tí ó le ju ti ìpínlẹ̀ lọ. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ fọwọ́ sí i ní ọdún 1979. Ilẹ̀ tí ìlú fúnra rẹ̀ rà fún ìdáàbòbò ni ó ní odi tí ó ga jù, lójú tèmi. Láti ọdún 1972 ni ìwé òfin ìpínlẹ̀ ti sọ pé a kò lè sọ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ di ohun mìíràn àfi bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìyẹ̀wù méjèèjì ilé aṣòfin bá dìbò fún un.