Ta Ni Ó Ni Fáìlì, Ta Ni Ó Sì Lè Kà Á?

Ní Aráròmí-Obu, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odígbó ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó, àti jákèjádò agbègbè oko kòkó wa, àgbẹ̀ tí ó bá fẹ́ dá oko tuntun a kọ́kọ́ béèrè pé: ta ni ó ni ilẹ̀? Ọ̀tọ̀ ni onílẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni èrò tí ń kọjá lọ. Ó yà wá lẹ́nu pé a kì í béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nípa àkọsílẹ̀ tí a ń kó sínú kọ̀ǹpútà.

Àkọsílẹ̀ náà kì í ṣe ohun kékeré. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, inú rẹ́jísítà ni olùkọ́ ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sí. Bí rẹ́jísítà bá sì sọnù, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni a ó bi. Lónìí, orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí rẹ̀ àti máàkì rẹ̀ ń bọ́ sínú kọ̀ǹpútà. Òfin Ìdìbò ọdún 2022 pẹ̀lú pàṣẹ pé kí ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan ní orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwé àti lórí ẹ̀rọ.

Ọ̀pọ̀ irú àkọsílẹ̀ báyìí ni ó wà nínú kọ̀ǹpútà tí ń bẹ nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní virtual machine. Ó dà bí ilé ńlá tí a pín sí yàrá, tí ayálégbé kọ̀ọ̀kan sì rò pé òun nìkan ni ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú ẹ̀rọ ńlá náà, gbogbo ẹrù inú yàrá kan lè jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo. Kọ́kọ́rọ́ tí ayálégbé fi ti àpótí rẹ̀ kò lè dá ẹni tí ó gbé odindi yàrá lọ dúró.

Lórí ẹ̀rọ Linux, ọ̀nà mẹ́ta ni a pín àṣẹ sí: ti onífáìlì, ti ẹgbẹ́ rẹ̀, àti ti gbogbo àwọn yòókù. Kíkà jẹ́ 4, kíkọ jẹ́ 2. Bí ẹnikẹ́ni kò bá pàṣẹ mìíràn, fáìlì tuntun a sábà gba 644: onífáìlì lè kà á, ó sì lè kọ nǹkan sí i, gbogbo àwọn yòókù lè kà á. 600 ni ó fi í sọ́wọ́ onífáìlì nìkan. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣe àdàkọ rẹ̀, òun ni ó di ẹni tí ó ni àdàkọ náà. Alábòójútó àgbà, tí a ń pè ní root, lè ṣí gbogbo rẹ̀. Kò sì sí ohun tí ó lè fi ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pamọ́ fún un bí kò ṣe pé a ti sọ ọ́ di àrokò tí kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe ń wí pé àìpàṣẹ pẹ̀lú, àṣẹ ni. Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ni èyí. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Onímọ̀ ni yóò ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ẹrù ni yóò sọ ẹni tí ó lè wọlé. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, kò jẹ́ kí ẹni tí ó kó àkọsílẹ̀ ènìyàn jọ bọ́ lọ́wọ́ ojúṣe rẹ̀ nítorí pé ó fi í sínú ẹ̀rọ ẹlòmíràn.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àti ẹ̀yin tí ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù gbogbo, ẹ béèrè ohun mẹ́ta lọ́wọ́ àwọn tí ń bá yín tọ́jú àkọsílẹ̀: orúkọ ta ni fáìlì wà? Àwọn wo ni ó lè kà á? Ọwọ́ ta ni àdàkọ rẹ̀ wà? Àwọn baba wa kò fi ààlà oko sílẹ̀ láìgbin pèrègún sí i. Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ àwọn ọmọ wa wà ní oko tí kò ní ààlà.