Bí rògbòdìyàn bá jó kámẹ́rà rẹ, ṣé inṣọ́ránsì rẹ máa sanwó?

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ya fọ́tò òde ìnáwó fi ìwé inṣọ́ránsì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. "Lọ́yà, jọ̀ọ́ bá mi wò ó, mo fẹ́ sanwó lọ́la." Ìlobùú ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà. Ẹni tó bá mọ agbègbè yẹn mọ̀ pé Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun fara kan ara wọn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kálukú ló ní ọba àti ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ó lè ya òkú àgbà ní Ìlobùú lọ́jọ́ Friday, kó ya ìgbéyàwó ní Ìfọ́n lọ́jọ́ Sátidé. Oníbàárà rẹ̀ wà lọ́tùn-ún lósì.

Mo ka ìwé náà. Ó dùn ún kà lójú ewé àkọ́kọ́: iná, olè, omi, kí kámẹ́rà já bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń fi lẹ́tà wínníwínní kọ ohun tí wọn ò ní sanwó fún, mo rí i: riot, strike, civil commotion. Ìyẹn ni pé bí ìjà ìgboro bá jó ṣọ́ọ̀bù náà, iléeṣẹ́ ò ní san kọ́bọ̀.

Mo wá bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù gan-an tó fi fẹ́ ra inṣọ́ránsì. Ó ní, "Ṣé o ò gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí ni?"

Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín ìlú méjèèjì tipẹ́, ó sì tún gbiná ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, Gómìnà Ademola Adeleke sì kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Mi ò ní dá ẹjọ́ ẹni tó ni ilẹ̀ níbí o. Ohun tó kàn mí lónìí ni pé ewu tó gbé ọ̀rẹ́ mi dé ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ adójútòfò gan-an ni ewu tí ìwé náà yọ sílẹ̀. Ó fẹ́ ra agbòjò tí kò ní ṣí lọ́jọ́ òjò.

Kí ló dé tí wọ́n fi máa ń yọ ọ́? Kì í ṣe ìwà ìkà, ìṣirò ni. Bí iná mànàmáná bá jó ṣọ́ọ̀bù kan, owó tí ẹgbẹ̀rún èèyàn tí nǹkan kan ò ṣe ti dá sílẹ̀ ni wọ́n fi ń tún ti ẹnì kan yẹn ṣe. Ìjà ìlú ò mọ ẹnì kan. Ó lè jó ogún ṣọ́ọ̀bù ní títì kan láàárín wákàtí méjì.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé "ẹ jẹ́ kí àwa ayàwòrán kàn dá àjọ tiwa." Àjọ dáa, èmi náà ń dá a. Bí olè bá jí lẹ́ǹsì ẹnì kan, àjọ lè gbà á sílẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá jẹ́ mẹ́wàá tí ṣọ́ọ̀bù yín wà ládùúgbò kan náà, ọjọ́ tí rògbòdìyàn bá dé, gbogbo yín lẹ máa na ọwọ́ sí àpótí kan náà lẹ́ẹ̀kan. Ta ló máa fún ta? Ẹni tó máa ru irú ẹrù yẹn gbọ́dọ̀ ní oníbàárà ní Èkó, ní Kano, ní Port Harcourt, níbi tí ìjà Ìlobùú àti Ìfọ́n ò dé.

Ní South Africa, wọ́n rí i pé iléeṣẹ́ aládàáni ò fẹ́ ru ẹrù yìí lẹ́yìn rògbòdìyàn Soweto ọdún 1976. Wọ́n dá èyí tí wọ́n ń pè ní Sasria sílẹ̀ lọ́dún 1979, ìjọba ló ni ín lónìí. Nígbà tí àwọn jàǹdùkú kó ṣọ́ọ̀bù ní KwaZulu-Natal àti Gauteng ní oṣù keje ọdún 2021, òun ló sanwó, títí tí ìjọba fi ní láti bu owó kún àpò rẹ̀. Ní ìlú Ọba, òfin ọdún 2016 wà tó jẹ́ kí ẹni tí rògbòdìyàn ba ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jẹ́ lè béèrè owó lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ ọlọ́pàá, kódà bí kò ní inṣọ́ránsì. Lọ́dọ̀ tiwa, ṣe la máa ń retí àánú ìjọba. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí ẹni tó ń wá ìbò wa gbọ́ ọ.

Kó tó yí padà, ọ̀nà kan wà. Ẹ lè ní kí iléeṣẹ́ fi rògbòdìyàn kún ìwé yín, kí ẹ fi owó díẹ̀ lé e. Lẹ́yìn EndSARS oṣù kẹwàá ọdún 2020, èyí ló ya àwọn oníṣòwò tó gbowó sọ́tọ̀ lára àwọn tó gba "ẹ pẹ̀lẹ́." Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu aṣojú tó bá ní "kò sí wàhálà, a máa wò ó." Kó wà nínú ìwé. Ẹ sì bi wọ́n bóyá ohun tí wọ́n bá jí kó nígbà ìjà wà nínú rẹ̀, torí iná nìkan kọ́ ló ń ṣe ọṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ bi wọ́n pẹ̀lú pé bí ẹ bá sá kúrò nílùú fún oṣù méjì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ìwé ló ní bí ilé bá ṣófo ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ, ààbò ti lọ nìyẹn.

Àdánwò kan wà tí mo mọ̀ pé ó máa wá: kí èèyàn kọ àdírẹ́sì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Òṣogbo sínú fọ́ọ̀mù kí owó lè wálẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Ọjọ́ tí ẹ bá lọ gba gbà-máà-bínú ni wọ́n máa tó wá wo ibi tí ṣọ́ọ̀bù wà, irọ́ yẹn nìkan sì tó láti da gbogbo ìwé náà nù.

Owó tí ẹ máa kọ sílẹ̀ náà lọ́gbọ́n nínú. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí ₦470 kó tó di àárín oṣù kẹfà ọdún 2023 ti kọjá ₦1,500 lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹ sì mọ ohun tíyẹn ṣe sí owó kámẹ́rà. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ₦900,000 lẹ fi ra irinṣẹ́ yín nígbà yẹn, iye yẹn lẹ sì kọ, bẹ́ẹ̀ ₦2,700,000 ló máa gbà láti tún un rà lónìí. Bí wọ́n bá jí lẹ́ǹsì ₦600,000, iléeṣẹ́ lè sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta lẹ dáàbò bò, kí wọ́n fún yín ní ₦200,000. "Average" ni wọ́n ń pe gbólóhùn tó fún wọn láṣẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá a.

Ohun tó kù ò pọ̀. Kámẹ́rà tí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú mọ́tò níta òde ìnáwó, ọ̀pọ̀ ìwé ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ nọ́ńbà ara irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí rìsíìtì wà lórí íméèlì, kó má ṣe jóná pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ ò bá tíì sanwó, ààbò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń fi yín ṣeré lórí owó yín, NAICOM, àjọ tó ń ṣàkóso wọn, ń gba ẹ̀sùn. Fọ́tò ìgbéyàwó oníbàárà tó wà nínú mẹ́mọ́rì tó jóná, kò sí inṣọ́ránsì irinṣẹ́ tó máa dá ìyẹn padà o. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ síbòmíràn.

Ọ̀rẹ́ mi ò sanwó lọ́jọ́ kejì mọ́. Íméèlì ló kọ, ó ní kí wọ́n fi rògbòdìyàn kún un, ó sì kọ Ìlobùú gàdàgbà síbẹ̀. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n tó dáhùn: ó ṣeé ṣe, owó máa lé, àmọ́ ẹnì kan fẹ́ kọ́kọ́ wá wo ṣọ́ọ̀bù náà. Tuesday ni wọ́n ń bọ̀. Ó ti lọ ra àgádágodo tuntun.