Kétou ni Kétu: Ìrìn-àjò Tọkọtaya Kan Láti Dowa



Ní àdúgbò Dowa, ní Àjàṣẹ́ tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, tọkọtaya kan wà tí a kò ní dárúkọ wọn. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti wá. Ọkọ ń jó irin, aya ń ta aṣọ ní ọjà Ouando.

Wọ́n rò pé ìlú tí a ti ń sọ Yorùbá kò lè ṣòro fún wọn. Òótọ́ ni pé àwọn aládùúgbò ń kí wọn, "Ẹ káàárọ̀." Ṣùgbọ́n Ègùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń nájà, Faransé sì ni a fi ń kọ ìwé ìjọba. Owó náà yàtọ̀. Fún ọ̀pọ̀ oṣù, aya kì í san sẹ́fà láìkọ́kọ́ ṣírò rẹ̀ sí náírà nínú ọkàn rẹ̀.

Ìwé tún wà láti gbà. Àdéhùn CEDEAO ti ọdún 1979 gba ọmọ ẹgbẹ́ láàyè láti wọ orílẹ̀-èdè kejì láìgba físà, fún 90 ọjọ́. Ẹni tí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú. Wọ́n gba tiwọn, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ni ó bá wọn kà á.

Nígbà tí ó yá, wọ́n ra ọkọ̀ àlòkù kan. Ọwọ́ ọ̀tún ni a ń gbà wakọ̀ níhìn-ín, bẹ́ẹ̀ náà ni ní Nàìjíríà láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọwọ́ wọn kò ṣì, ojú ni kò mọ ìwé.

Lọ́jọ́ kan, ìròyìn dé pé àbúrò bàbá ọkọ ti kú ní Kétu. Ìsìnkú di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Wọ́n gbéra ní òwúrọ̀. Ní oríta kan, pátákó wà, kò sì sí ẹni tí ó lè kà á nínú wọn. Ojú ti ọkọ láti bi ènìyàn. Ó yà, ó ń lọ, àfi ìgbà tí wọ́n bá ara wọn ní ẹnubodè Ìgólò. Kí wọ́n tó padà, kí wọ́n tó dé Kétu, a ti bo òkú.

"Láti ọjọ́ náà," ni aya sọ fún mi, "bàbá àwọn ọmọ kò sùn dáadáa. Ni mo wí fún un pé kí á lọ kọ́ ìwé."

Wọ́n wá sí kíláàsì alẹ́ wa. Yorùbá ni wọ́n kọ́kọ́ kà. Lẹ́yìn náà, a fi bí Faransé ṣe ń kọ orúkọ ìlú hàn wọ́n. Bí "o" àti "u" bá tẹ̀lé ara wọn, "u" ni a ń pè. Nítorí náà, Kétou ni Kétu, Cotonou sì ni Kútọ̀nú. A tún kọ́ wọn ní àmì ojú ọ̀nà. Onígun mẹ́ta tí etí rẹ̀ pupa ń kìlọ̀ ewu. Òbìrìkítí tí etí rẹ̀ pupa ń ka nǹkan léèwọ̀. Onígun mẹ́jọ pupa tí a kọ STOP sí ń wí pé kí á dúró pátápátá.

Ní ọdún yìí, wọ́n tún gba ọ̀nà Kétu, nǹkan bí 100 kìlómítà sí Àjàṣẹ́. Aya ni ó ń ka pátákó: Sakété, Pobè, Kétou. Ní oríta ọjọ́sí, ó wí pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ rọra. Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà Ìgólò." Wọn kò ṣìnà.

Kétu jẹ́ ìlú ọba Yorùbá àtijọ́, tí ogun Dahomey fọ́ ní ọdún 1886, tí a sì tún kọ́ lẹ́yìn náà. Wọ́n rí Akaba Idena, ẹnu ibodè ìgbàanì. Lẹ́yìn èyí, wọ́n lọ sí ibi ojú oórì. Ọkọ kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì wá. Ìgbà náà, a kò lè kà."

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá wọ ọkọ̀ lọ́la, ẹ ka pátákó kan sókè. Bí ẹ kò bá dá a mọ̀, ẹ béèrè. Ìtìjú ìbéèrè kéré sí ìbànújẹ́ ẹni tí ó dé lẹ́yìn ìsìnkú.