Ẹran Wo Ni Ó Yẹ Ẹni Tí Ń Gbé Irin?

Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ní Àbújá, tí àwọn òṣìṣẹ́ bá ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ni kì í lọ sílé tààrà. Ibi ìdárayá ni wọ́n ń gbà lọ, ní Wuse, Garki, Kubwa àti Gwarinpa, láti gbé irin kí iṣan apá àti àyà wọn lè yọ. Ìbéèrè kan náà ni ó sì ń tẹ̀lé wọn dé ọjà: ẹran wo ni kí wọ́n rà? Àwọn kan gbà pé àyà adìẹ nìkan ni ó ń mú iṣan dàgbà. Àwọn mìíràn ní kò sí ohun tí ó tó ẹran màlúù. Àríyànjiyàn náà ń náni lówó, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà nínú rẹ̀.

Ohun tí iṣan ń béèrè kì í ṣe orúkọ ẹran, bí kò ṣe pùròtéènì, èròjà tí ara fi ń tún iṣan ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ agbára. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 2007 fún àgbàlagbà ni gíráàmù 0.83 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn wọ̀n, lójoojúmọ́. Ẹni tí ń gbé irin nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwádìí kan tí ó jáde nínú ìwé ìròyìn British Journal of Sports Medicine ní ọdún 2018, tí ó kó àbájáde ìwádìí 49 jọ, fi hàn pé bí ènìyàn bá ti jẹ tó gíráàmù 1.6 fún kílò kan, àfikún kò fi bẹ́ẹ̀ mú iṣan tóbi sí i mọ́. Fún ẹni tí ó wọn 70 kílò, èyí jẹ́ gíráàmù 112 lójúmọ́.

Adìẹ àbí màlúù?

Nínú gíráàmù 100 àyà adìẹ tí a ti sè, tí a sì ti bó awọ rẹ̀, pùròtéènì tó nǹkan bí gíráàmù 31. Ti ẹran ewúrẹ́ tó 27, ti ẹran màlúù tí kò lọ́ràá tó 26, ti ẹja àrọ̀ sì tó 18. Ẹyin kan ní nǹkan bí gíráàmù mẹ́fà. Ìyàtọ̀ àárín adìẹ àti màlúù kò tó ohun tí à ń bá ara wa jà sí. Kí ẹni tí ń rajà rántí pé ẹran tútù máa ń fún lórí iná, nítorí náà ìwọ̀n tí ó rà kọ́ ni yóò bá nínú ìkòkò.

Èrè tí ó wà nínú ẹran màlúù àti ewúrẹ́ ni èròjà irin, síńkì àti fítámì B12, tí wọ́n pọ̀ nínú wọn ju inú àyà adìẹ lọ. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn obìnrin, tí wọ́n ń pàdánù ẹ̀jẹ̀ lóṣooṣù. Àwọn náà kò sì gbẹ́yìn nídìí irin: ní Birmingham lọ́dún 2022, Adijat Olarinoye gba wúrà fún Nàìjíríà ní ìpele 55 kílò, Rafiatu Lawal sì gba tirẹ̀ ní ìpele 59 kílò.

Síbẹ̀, ẹran pupa ní ààlà. Ìmọ̀ràn World Cancer Research Fund ni pé kí èyí tí ènìyàn yóò jẹ lọ́sẹ̀ kan má ju gíráàmù 350 sí 500 lọ, lẹ́yìn tí a bá ti sè é. Ní ọdún 2015, àjọ IARC, tí ó wà lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé, kéde pé ẹran inú agolo àti sọ́séèjì ń fa àrùn jẹjẹrẹ ìfun. Súyà tí iná ti jó dúdú náà kò yẹ ní jíjẹ lójoojúmọ́.

Pọ̀nmọ́ ńkọ́?

Pùròtéènì wà nínú pọ̀nmọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Kọ́lájìn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, kò sì ní gbogbo ohun tí ara fi ń mọ iṣan. Ẹni tí ó bá fi pọ̀nmọ́ rọ́pò ẹran yóò yó, ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ kò ní rí ohun tí ó ń wá.

Ibi tí a ti ra ẹran tún ṣe pàtàkì ju irú ẹran lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ètò ọ̀gbìn kìlọ̀ fún aráàlú nípa jíjẹ pọ̀nmọ́ àti ẹran ìgbẹ́, nítorí àrùn anthrax tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní àríwá Ghana. Ní oṣù kéje, wọ́n rí àrùn náà lára ẹran ọ̀sìn ní Suleja, ìpínlẹ̀ Niger, tí kò jìnnà sí Àbújá rárá. Kòkòrò rẹ̀ kì í tètè kú nínú omi gbígbóná. Nítorí náà, ẹran tí ó kú fúnra rẹ̀ kò ṣeé jẹ, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó. Odò ẹran tí dókítà ẹranko ti ń yẹ ẹran wò ni kí á máa rà á.

Bí owó kò bá tó

Ẹyin mẹ́ta láàárọ̀, gíráàmù 150 adìẹ lọ́sàn-án, gíráàmù 100 ẹja àrọ̀ lálẹ́ àti àwo ẹ̀wà kan tí ó tó gíráàmù 200: àpapọ̀ wọn jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 97. Ìrẹsì, búrẹ́dì àti wàrà yóò dí ìyókù. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gba ẹran ẹlẹ́dẹ̀ láàyè kò pàdánù ohunkóhun.

Ẹni tí ó bá ní àrùn kíndìnrín, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ rí dókítà kí ó tó fi kún ẹran rẹ̀, nítorí pùròtéènì púpọ̀ máa ń di ẹrù ru kíndìnrín tí kò lera. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ ra ìyẹ̀fun pùròtéènì, kí ó wo nọ́ńbà NAFDAC lára agolo rẹ̀ kí ó tó sanwó. Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Iṣan kì í sì í yọ lóòjọ́, bí ó ti wù kí ẹran pọ̀ nínú àwo tó.