Ọbẹ̀ olú ẹlẹ́gùúsí: Bí ẹ ṣe lè sè é nílé láìfi ẹ̀mí wewu

Òjò ti ń rọ̀, olú náà sì ti ń hù nídìí igi àti lórí ilé ikán. Owó ẹran kò tún ṣe é gbọ́ létí mọ́. Ẹ ò rí i pé àsìkò tó láti rántí ọbẹ̀ olú táwọn ìyá wa àgbà máa ń sè!

Àmọ́ kí ẹ tó gbé ìkòkò kaná, irú olú wo lẹ ní lọ́wọ́ ná?

Kì í ṣe gbogbo olú là ń jẹ

Olú olóró wà tó jọ èyí tí à ń jẹ bí ìbejì. Àwọn kan gbà pé tí kòkòrò bá ti jẹ lára olú, èèyàn lè jẹ ẹ́. Irọ́ ni o! Kòkòrò lè jẹ olú tó máa pa èèyàn. Àwọn mìíràn ní tá a bá bọ̀ ọ́ dáadáa, oró rẹ̀ á kú. Ìyẹn náà kì í ṣe òótọ́. Oró inú èyí tó burú jù nínú wọn, iná ò ràn án.

Oró yìí kì í tètè fara hàn. Ó lè tó wákàtí 6 sí 24 kí inú rírun, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó lè dà bí ẹni pé ara ti yá, tí oró náà sì ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lọ. Ẹ má dúró de àgbo. Ẹ tètè gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn, kẹ́ ẹ sì mú olú tó ṣẹ́kù dání.

Tí olú inú igbó kò bá dá yín lójú, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ra èyí táwọn àgbẹ̀ gbìn.

Ohun tẹ́ ẹ nílò fún èèyàn mẹ́rin

Olú tútù ìlàjì kílò, ẹ̀gúsí lílọ̀ ife kan, tàtàṣé mẹ́ta, ata rodo méjì, àlùbọ́sà ńlá kan, irú ṣíbí méjì, edé gbígbẹ, epo pupa, iyọ̀ àti ẹ̀fọ́ ṣọkọ.

Bí ẹ ṣe máa sè é

Ẹ má rẹ olú sómi. Ẹ yára ṣàn án, kẹ́ ẹ fọwọ́ ya á. Omi ló pọ̀ jù nínú olú, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ dà á sínú ìkòkò lásán, láìsí epo, fún bí ìṣẹ́jú 7, títí omi ara rẹ̀ á fi gbẹ. Tẹ́ ẹ bá fo èyí, ọbẹ̀ yín á ṣomi. Ẹ kó o sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ gbé epo kaná, ẹ din àlùbọ́sà àti irú, kẹ́ ẹ da ata lílọ̀ sí i. Tí ata bá ti jinná, ẹ fi omi díẹ̀ po ẹ̀gúsí, ẹ máa fi ṣíbí bù ú sínú ata díẹ̀díẹ̀. Ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10, ẹ má tíì rò ó. Lẹ́yìn náà, ẹ rò ó, kẹ́ ẹ da olú, edé àti iyọ̀ sí i. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, ẹ da ẹ̀fọ́ sí i. Ìṣẹ́jú 3 sí i, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ má yọ ẹ̀gúsí kúrò o. Púròtéènì inú olú kò tó ti ẹran, ẹ̀gúsí àti edé ló ń dí i.

Iyán, àmàlà tàbí ẹ̀bà, èyí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́. Wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Ní ti ọbẹ̀ olú, owó kékeré tó o, ìmọ̀ ló gbà.