Títa omi ní Òjé: Ẹ má fi ọjà ẹ̀ẹ̀rùn yáwó

Tó bá di oṣù kejì ọdún, tí kànga inú agboolé ti ń gbẹ, èrò máa ń pé lé ẹni tó ń ta omi ní Òjé àti Bẹẹrẹ lórí. Ìgbà yẹn làwọn kan máa ń sáré yáwó gbẹ́ kànga-dẹ̀rọ. Kó tó di oṣù keje, òjò ti kún àgbá onílé, kẹ́ẹ̀gì ò jáde mọ́, bẹ́ẹ̀ èlé orí owó kò mọ̀ pé òjò ń rọ̀.

Omi tí ilé kan ń lò yàtọ̀ sí èyí tó máa rà. Ẹ jẹ́ ká fi lítà 20 lóòjọ́ ṣírò fún ẹnì kan, èyí tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kà sí ìwọ̀n tó kéré. Agboolé ẹlẹ́ni 30 á lo lítà 600, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́rìnlélógún. Bí kànga wọn bá ń mú 14 wá, mẹ́wàá péré ló kù fún ọlọ́jà. Nígbà òjò ńkọ́? Ó lè má ju méjì lọ.

Ìdí nìyí táwọn onímọ̀ ìṣirò fi máa ń kó ọ̀pọ̀ ilé jọ. Wọ́n á kọ iye èèyàn, owó tó ń wọlé, bí omi ṣe jìnnà sí, kànga àti oṣù, wọ́n á wá wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi kún un tàbí yọ kúrò nígbà táwọn yòókù bá dọ́gba. Bí àpẹẹrẹ, ilé elérò púpọ̀ kì í lo omi tó ti elérò díẹ̀ tí a bá pín in kan ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìkòkò kan náà ni gbogbo wọn ń fọ̀.

Owó wà nídìí omi o. Ìwádìí kan nípa Onitsha, tí Dale Whittington àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde lọ́dún 1991, sọ pé tálákà ń ná ju ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un lórí omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀rùn nìyẹn.

Ìwé kékeré tó fún oníṣòwò. Ẹ kọ kẹ́ẹ̀gì tẹ́ ẹ tà lójoojúmọ́ fún oṣù 12, kẹ́ ẹ sàmì sí ọjọ́ tí òjò rọ̀ àti ọjọ́ tí omi ìjọba yọ. Ẹ bi àwọn ilé tí kì í rà pẹ̀lú, nítorí oníbàárà nìkan kọ́ ni àdúgbò. Ẹ má sì pa ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò pọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣírò.

Ká ní ₦20 lèrè orí kẹ́ẹ̀gì kan. Ẹni tó ń ta 180 lóòjọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn á rí ₦108,000 lóṣù. Tó bá di 40 nígbà òjò, ₦24,000 ni. Tí báńkì bá ń gba ₦60,000 lóṣooṣù, ₦36,000 ló gbọ́dọ̀ ti wà nílẹ̀ fún oṣù òjò kọ̀ọ̀kan kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.