Ọpọlọ, Ìwàǹwára Àti Ọtí Tó Ti Di Bárakú

Ẹ jẹ́ kí á ro ti baálé ilé kan. Lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì, ó sunkún níwájú ìyàwó rẹ̀, ó búra pé òun kò ní fẹnu kan ọtí mọ́. Kí wọ́n tó kí ìrun Ìṣáì, ó ti wà ní ìsọ̀ ọlọ́tí, owó ilé ìwé ọmọ sì ti dín. Àwọn ará àdúgbò á ní òpùrọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹkún yẹn ti ọkàn rẹ̀ wá. Nígbà tí ọtí bá ti di bárakú, ibi tí a fi ń ṣe ìpinnu nínú ọpọlọ gan-an ni ó ń bà jẹ́.

Ọpọlọ dà bí ọkọ̀: ó ní ohun tó ń mú un sáré, ó sì ní bíréèkì. Apá iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn egungun iwájú orí, ni bíréèkì. Òun ló ń sọ fún wa pé, "Dúró ná, ro ẹ̀yìn ọ̀la." Ibòmíràn wà nínú ọpọlọ lọ́hùn-ún tó ń mú wa lépa ohun tó dùn. Bí ebi bá ń pa wá tí a sì jẹun, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní dopamine á tú jáde níbẹ̀, kí a lè rántí láti tún jẹun lọ́la. Ọtí náà ń tú èròjà yìí jáde. Bí èèyàn bá ń mu ún lámujù fún ìgbà pípẹ́, òórùn ọtí tàbí ìró ìgò nìkan á ti tó láti ru ibẹ̀ sókè. Àwọn onímọ̀ ti fi ẹ̀rọ MRI rí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọtí àmujù ń mú kí apá iwájú ọpọlọ sunkì. Eré ń pọ̀ sí i, bíréèkì ń jẹ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń dán an wò. Ká ní wọ́n bi èèyàn pé: "Ṣé ₦5,000 lónìí ni, àbí ₦10,000 lóṣù tó ń bọ̀?" Ẹni tí ọtí ti di bárakú fún sábà máa ń yan ti òní ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Kì í ṣe pé kò mọ ìṣirò. Ọ̀la ló ti jìnnà jù lójú rẹ̀. Ìwàǹwára nìyẹn.

Ṣé àwáwí ni èyí fún un? Rárá o. Ọtí ṣì jẹ́ èèwọ̀ fún wa, ẹni tí kò bá tọ́ ọ wò rárá ni kò lè di ẹrú rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ gidigidi, nítorí apá iwájú ọpọlọ kì í gbó tán títí èèyàn á fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25. Ṣùgbọ́n èébú kì í tún bíréèkì ṣe.

Kí ni ká ṣe? Ẹ jẹ́ kí ìpinnu ṣáájú ìdánwò. Kí ó fi owó rẹ̀ sọ́wọ́ ẹni tó fọkàn tán, kí ó gba ọ̀nà tí kò kọjá ní ìsọ̀ ọlọ́tí, kí ó má dá wà ní àsìkò tó máa ń mu ún.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ fiyè sí dáadáa. Ẹ má ṣe ti ẹni tó ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ mọ́lé kí ó lè jáwọ́ lójijì. Láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ara rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè gbé e, ó lè máa sọ ìsọkúsọ, ó sì lè kú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí ó tó jáwọ́. Wọ́n ń tọ́jú irú wọn ní Aro ní Abẹ́òkúta àti ní Yábàá ní Èkó, oògùn tó ń dín ìfẹ́ ọtí kù sì wà.

Bí ó bá tún ṣubú, ẹ má lé e jáde. Ọpọlọ máa ń sàn díẹ̀díẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan tí ọtí kò bá dé ibẹ̀ mọ́. Ẹ bá a ní sùúrù dé ìgbà náà. Kí Ọlọ́hun ṣọ́ wa àti ìdílé wa. Àmín.